Ta ni yóò dáhùn fún etí ìjọba tí ó wọ inú fóònù?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "Etí ọba nílé, etí ọba lóko, ènìyàn ní ń jẹ́ bẹ́ẹ̀." Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọba kò lè wà níbi gbogbo, àwọn ènìyàn ni ó ń gbọ́ fún un. Láyé àtijọ́, ẹni tí ó ń tẹ́tí sílẹ̀ fún ọba ní ojú, ó ní orúkọ, ó sì ní ilé. Bí ó bá purọ́ mọ́ aláìṣẹ̀, ìlú mọ ẹni tí wọn yóò pè wá sí ààfin kí ó wá ṣàlàyé. Lóde òní, ẹ̀rọ ni ó ti di etí náà. Kò ní ojú, kò ní ilé, ó sì ń wọ inú fóònù ènìyàn láìkan ilẹ̀kùn. Nítorí náà ni ìbéèrè kan fi ń jà káàkiri ayé, tí ó sì ti dé Tógò tí ó múlé ti Bẹ̀nẹ̀: bí a bá fi ẹ̀rọ ìjọba gbọ́ ọ̀rọ̀ àṣírí ará ìlú, ta ni yóò dáhùn fún un?

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Tógò

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹjọ ọdún 2020, Citizen Lab, ilé ìwádìí kan ní Yunifásítì Toronto ní Kánádà, gbé àbájáde iṣẹ́ rẹ̀ jáde. Àwọn olùwádìí náà sọ pé ní oṣù Kẹrin àti oṣù Karùn-ún ọdún 2019, wọ́n dojú ẹ̀rọ amí kan tí ń jẹ́ Pegasus kọ fóònù àwọn ọmọ Tógò kan. Lára wọn ni Bíṣọ́ọ̀bù Benoît Alowonou ti Kpalimé, tí ó jẹ́ ààrẹ àpéjọ àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì ilẹ̀ náà, àti àlùfáà Pierre Marie-Chanel Affognon. Àwọn olóṣèlú alátakò méjì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tí ará ìlú mọ̀ mọ́ wọn ni pé wọ́n ń béèrè àtúnṣe sí ètò ìṣèlú.

Àsìkò náà kì í ṣe àsìkò lásán. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2017 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń jáde sí ìgboro ní Tógò, tí wọ́n ń béèrè pé kí ààrẹ má ṣe lò ju sáà méjì lọ. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tún òfin ìpìlẹ̀ ṣe. Wọ́n fi sáà sí méjì, ṣùgbọ́n wọn kò ka èyí tí ààrẹ ti lò sẹ́yìn mọ́ ọn. Ìdìbò ààrẹ sì ń bọ̀ ní oṣù Kejì ọdún 2020.

Ọ̀rọ̀ náà kò parí síbẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2021, àwọn oníròyìn tí Forbidden Stories kó jọ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ sọ pé àwọn rí àkójọ nọ́ńbà fóònù tí ó lé ní 50,000. Èyí tí ó jẹ́ ti Tógò nínú wọn lé ní 300. Òtítọ́ ni pé kí nọ́ńbà ènìyàn wà nínú àkójọ náà kò tíì fi hàn pé wọ́n ti wọ inú fóònù rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kìíní ọdún 2024, àjọ Reporters sans frontières, tí ń gbèjà àwọn oníròyìn, sọ pé òun rí ipa ẹsẹ̀ Pegasus nínú fóònù oníròyìn Tógò méjì, láti ọdún 2021.

Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń wọlé

Ilé-iṣẹ́ NSO Group ní Ísírẹ́lì ni ó ṣe Pegasus. Ní ọdún 2019, ìpè WhatsApp ni ọ̀nà tí wọ́n gbà rán an. Fóònù yóò dún. Bí ẹni tí ó ni ín kò tilẹ̀ gbé e, ẹ̀rọ amí náà lè ti wọlé. WhatsApp sọ pé nǹkan bí 1,400 ènìyàn káàkiri ayé ni wọ́n dojú irú ìpè bẹ́ẹ̀ kọ kí òun tó dí ihò náà.

Bí Pegasus bá ti wọlé, ó lè ka ọ̀rọ̀ tí a kọ ránṣẹ́, ó lè wo àwòrán, ó lè mọ ibi tí ènìyàn wà. Ó tún lè la ojú kámẹ́rà àti etí fóònù náà láìjẹ́ pé ẹni tí ó ni ín mọ̀. WhatsApp máa ń di ọ̀rọ̀ pa kí ẹnikẹ́ni má lè kà á lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n Pegasus kì í dúró lójú ọ̀nà. Inú ilé ni ó ń jókòó sí, tí ó ń ka ìwé láti ẹ̀yìn onílé.

Ẹni tí kò mọ ìwé kà tẹ́lẹ̀ mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Nígbà tí ẹlòmíràn ń bá a ka lẹ́tà, ọwọ́ ẹni náà ni àṣírí rẹ̀ wà. Ara ìdí tí àgbàlagbà fi ń lọ jókòó sí kíláàsì ni kí ó lè fúnra rẹ̀ ka ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ tí ó wà lókè òkun. Etí tí ó wọ inú fóònù tún sọ ọ́ di ẹni tí a ń bá ka lẹ́tà, láìbéèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn baba ńlá kò fi irú ọ̀rọ̀ yìí ṣeré: ẹni tí a bá fi àrokò rán kì í tú u lójú ọ̀nà.

Àríyànjiyàn náà

Àwọn tí ó gbè sẹ́yìn irú ẹ̀rọ yìí ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, ọ̀rọ̀ wọn kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àsọdànù. Àwọn agbébọn ti kọlu àríwá Tógò àti àríwá Bẹ̀nẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, wọ́n pa ọmọ ogun Tógò mẹ́jọ ní Kpinkankandi. Àwọn apániláyà pẹ̀lú ń lo fóònù. Bí ìjọba kò bá gbọ́ ohun tí wọ́n ń pète, òkú ni yóò máa sin. NSO náà sọ pé ìjọba nìkan ni òun ń ta Pegasus fún, kí wọ́n lè fi mú ọ̀daràn àti apániláyà.

Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni ó bí ìbéèrè. Bí ó bá jẹ́ ìjọba nìkan ni a ń tà á fún, kì í ṣe ọmọ ìta ni ó rà á. Bí ó bá sì jẹ́ apániláyà ni a rà á fún, kí ni ó wá débi fóònù bíṣọ́ọ̀bù?

Òfin kò dákẹ́ lórí ọ̀ràn náà. Òfin ìpìlẹ̀ Tógò ti ọdún 1992, tí wọ́n lò títí di ọdún 2024, sọ ní abala 29 pé ìjọba gbọ́dọ̀ dáàbò bo àṣírí lẹ́tà àti ọ̀rọ̀ orí fóònù. Ti Bẹ̀nẹ̀, tí wọ́n fi lélẹ̀ ní ọdún 1990, sọ ohun tí ó jọ ọ́ ní abala 21. Nítorí náà, àríyànjiyàn náà kì í ṣe bóyá kí ìjọba ní etí tàbí kí ó má ní. Ohun tí à ń béèrè ni ẹni tí ó fún etí náà láṣẹ, àti ẹni tí yóò jíhìn bí ó bá ṣìnà.

Olówó ajá

Ẹ̀bi níwájú adájọ́ yàtọ̀ sí ẹ̀bi níwájú ìlú. Adájọ́ ń wá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ bọ́tìnì. Ìlú ń wá ẹni tí ó fọwọ́ sí owó, ẹni tí ó yan olórí àwọn amí, àti ẹni tí ó yẹ kí ó mọ̀. Bí ajá bá bu ọmọ ẹlòmíràn jẹ, olówó ajá ni a ń pè. Bí ó bá ní òun kò mọ̀ pé ó já okùn, wọn yóò bi í pé ta ni ó so ó.

Ní Gíríìsì, olórí ìjọba Kyriakos Mitsotakis ti fi ilé-iṣẹ́ amí sábẹ́ ọ́fíìsì ara rẹ̀ láti ọdún 2019. Ní ọdún 2022, àṣírí tú pé wọ́n ti tẹ́tí sí fóònù Nikos Androulakis, olórí ẹgbẹ́ alátakò kan. Olórí àwọn amí kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kẹjọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n olórí ìjọba, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì rẹ̀, náà kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mitsotakis ní ohun tí wọ́n ṣe bá òfin mu, ṣùgbọ́n kò tọ́, òun kò sì mọ̀. Àwọn alátakò dá a lóhùn pé ẹni tí ó fi ajá sí ẹnu ọ̀nà ara rẹ̀ kò lè sọ bẹ́ẹ̀.

Ní Pólándì, owó tí ó yẹ kí wọ́n fi ran àwọn tí ọ̀daràn ṣe níbi lọ́wọ́ ni wọ́n mú lára rẹ̀ láti fi ra Pegasus. Nígbà tí ìjọba mìíràn dé, àwọn aṣòfin gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ ní ọdún 2024. Ìjọba sì sọ ní gbangba pé ènìyàn 578 ni wọ́n dojú ẹ̀rọ náà kọ láàárín ọdún 2017 sí 2022. Kí iye náà tó jáde, ìdìbò ni ó kọ́kọ́ pààrọ̀ àwọn tí ó wà lórí oyè.

Èyí jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà pé bí ó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ìjọba kò lè dá nìkan wádìí ara rẹ̀. Ilé ẹjọ́ ilẹ̀ òkèèrè pàápàá kò lè parí iṣẹ́ náà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, adájọ́ kan ní California dá NSO lẹ́bi nínú ẹjọ́ tí WhatsApp pè é. Ẹni tí ó ta ọ̀bẹ ni ẹjọ́ náà bá wí. Kò sọ fún ará Kpalimé ẹni tí ó ra ọ̀bẹ, tàbí ìdí tí wọ́n fi nà án sí bíṣọ́ọ̀bù wọn.

Ẹni tí ó ní fóònù lè ṣe ìwọ̀nba tirẹ̀: kí ó máa gba àtúnṣe tuntun tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń fi ránṣẹ́, kí ó má sì máa tẹ gbogbo ohun tí àjèjì bá fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba yìí kò lè dá ẹ̀rọ tí ń wọlé láìkan ilẹ̀kùn dúró. Ohun tí ó lè dá a dúró wà lọ́wọ́ àwọn tí ará ìlú dìbò yàn. Nígbà tí wọ́n bá tún wá tọrọ ìbò, ìbéèrè mẹ́ta yẹ kí ó dúró dè wọ́n: adájọ́ wo ni ó ń fọwọ́ sí i kí a tó tẹ́tí sí fóònù ọmọ ìlú? Aṣòfin wo ni ó ń yẹ owó tí a fi ra ẹ̀rọ náà wò? Bí wọ́n bá sì ti tẹ́tí sí aláìṣẹ̀, ta ni yóò wá sọ fún un?