Ta Ló Múra Tán Láti Kọ́ Èdè Gẹ̀ẹ́sì Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì?

Nínú ìbéèrè 180 tí àjọ JAMB ń bi ẹni tó fẹ́ wọ yunifásítì ní Nàìjíríà, 60 jẹ́ ti èdè Gẹ̀ẹ́sì. Bí ó bá sì wọlé tán, Gẹ̀ẹ́sì ṣì jẹ́ ẹ̀kọ́ kàn-án-ńpá fún un. Abájọ tó fi jẹ́ pé ìbẹ̀rù ìdánwò ló ń mú kí ọ̀pọ̀ kọ́ ọ. Nínú kíláàsì, ìyẹn lè tó, torí pé olùkọ́ ń ṣọ́ wọn. Ṣùgbọ́n lórí íntánẹ́ẹ̀tì, akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ṣọ́ ara rẹ̀.

Kí wá ni ìmúrasílẹ̀? A kò lè ṣe láìsí fóònù àti dátà, àmọ́ wọn kò tó. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ lè ya àkókò sọ́tọ̀ láìsí pé ẹnì kan ń lé e, kó sì nígboyà láti sọ̀rọ̀, kódà bó bá ń ṣàṣìṣe. Ẹni tó mọ ìdí tóun fi ń kọ́ èdè náà, bóyá kó lè lóye ìwé ìmọ̀ ìṣègùn tàbí kó lè kọ ìwé ìwáṣẹ́, kì í tètè rẹ̀wẹ̀sì.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin àlùfáà, kí a tó ra dátà fún ọ̀dọ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi í pé: “Kí lo fẹ́ fi èdè yìí ṣe?”