Ìtàn Tí Ó Wà Lára Ògiri: Ìmọ̀ràn fún Ọmọ Wa Tí Yóò Ṣe Ìwádìí Ilé Àtijọ́ ní Lọ́kọ́jà

Àwọn àgbà ní ògiri létí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ògiri kò lẹ́nu. Ẹni tí ó bá ń kọ ìtàn ilé àtijọ́ ni ó ń bá a sọ̀rọ̀. Nítorí náà, bí olùkọ́ bá ní kí ọmọ yín kọ ìwé ìwádìí lórí ìtàn ilé kíkọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó rò pé iṣẹ́ tí kò wúlò ni. Ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà ní ìdálẹ̀, pàápàá ní Lọ́kọ́jà, àárín ìtàn gan-an ni ẹ ń gbé.

Ní 1841 ni ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gòkè Odò Ọya dé ibi tí ó ti pàdé Odò Bẹ́núé, tí wọ́n sì dá oko àwòṣe kan sílẹ̀ níbẹ̀. Ibà pa púpọ̀ nínú wọn, oko náà kò sì tọ́jọ́. Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, wà lára àwọn tí ó bá wọn lọ. Ní nǹkan bí 1860, Dókítà Baikie tẹ ibùdó dó síbẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1900, Lọ́kọ́jà ni Lugard ti kéde ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lórí ilẹ̀ Àríwá. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé olú-ìlú lọ sí Jẹ́bà, lẹ́yìn náà sí Zungeru. Ní 1991, Lọ́kọ́jà tún di olú-ìlú, ti Ìpínlẹ̀ Kogí.

Ilé Kan Ṣoṣo Ti Tó

Ẹni tí ó bá ní òun yóò kọ ìtàn gbogbo ilé Lọ́kọ́jà ti fẹ́ fi agbọ̀n gbọ́n omi. Kí akẹ́kọ̀ọ́ mú ilé kan, kí ó sì bi í ní ìbéèrè kan. Ẹ jẹ́ kí a mú ilé onípákó tí a kó wá fún Lugard láti ìlú Òyìnbó, tí a sì tò ó pọ̀ ní Lọ́kọ́jà. Kí ni ó dé tí a fi ru pákó gba orí òkun wá sí ilẹ̀ tí kò ṣaláìní igi? Àwọn wo ni ó gbé e láti inú ọkọ̀ dé èbúté, ta ni ó sì kàn án pọ̀? Ọ̀pọ̀ ilé Òyìnbó ìgbà náà ni a gbé sórí òpó, nítorí wọ́n ti gbàgbọ́ tipẹ́ pé èéfín búburú láti inú ilẹ̀ ni ó ń fa ibà. Ní 1897 ni Ronald Ross ṣẹ̀ṣẹ̀ rí kòkòrò ibà nínú ẹ̀fọn. Ẹ ò ha rí i pé ìbéèrè kan lórí òpó ilé lè mú wa dé orí ọ̀rọ̀ ìlera?

Ojú, Etí àti Ìwé

Ohun mẹ́ta ni yóò gbé iṣẹ́ náà ró. Èkíní ni ojú. Kí akẹ́kọ̀ọ́ gba àṣẹ, kí ó lọ sí ibẹ̀, kí ó fi tépù wọn yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti fèrèsé, kí ó sì ya àwòrán wọn. Ọ̀nà tí Dmochowski, ọmọ ilẹ̀ Póláǹdì, gbà nìyẹn. Ó rin Nàìjíríà káàkiri, ó ń wọn ilé ìbílẹ̀. Ìwé rẹ̀ jáde ní apá mẹ́ta ní 1990, òun náà ni ó sì dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ilé ìbílẹ̀ tí ó wà ní Jọ́ọ̀sì sílẹ̀.

Èkejì ni etí. Kí ó lọ bá àwọn àgbà: àwọn ará Ọ̀wọ́rọ̀, Nupe, Haúsá, àti ọmọ àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà àti bíríkìlà àtijọ́. Orúkọ ọ̀gá nìkan ni ó sábà máa ń wà nínú ìwé ìjọba. Orúkọ ẹni tí ó po amọ̀ àti ẹni tí ó kan páànù kì í sí níbẹ̀. Bí àgbà kan bá sì kú láìsọ̀rọ̀, orúkọ wọn bá a wọlẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀kẹta ni ìwé. Ìwé ìjọba ilẹ̀ Àríwá wà ní ilé ìpamọ́ ìwé ìtàn ti ìjọba àpapọ̀ ní Kàdúná. Ìwé àwọn míṣọ́nnárì C.M.S. wà ní Yunifásítì Birmingham ní ìlú Òyìnbó.

Kí ó fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wé ara wọn, nítorí àrọ́bá ni baba ìtàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n baba pàápàá a máa ṣì sọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní orí Òkè Pátì ni Flora Shaw dúró sí, tí ó wo odò, tí ó sì sọ ilẹ̀ wa ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn Times ti Lọ́ńdọ́nù ni ó ti dá orúkọ náà lábàá ní oṣù kìíní 1897, ọdún mẹ́ta kí Lugard tó kéde ìjọba ní Lọ́kọ́jà, ọdún márùn-ún kí òun àti Lugard tó ṣe ìgbéyàwó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ilé-ẹ̀kọ́ Holy Trinity, tí a ní Crowther dá sílẹ̀ ní 1865. Ọdún tí a dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ lè yàtọ̀ sí ọdún tí a kọ́ ilé tí ó dúró níbẹ̀ lónìí.

Ètò Àkókò

Bí oṣù mẹ́ta bá wà, kí ó fi ọ̀sẹ̀ méjì ka ohun tí àwọn mìíràn ti kọ, kí ó sì yan ìbéèrè; ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fún wíwọn ilé àti bíbá àgbà sọ̀rọ̀; ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fún ìwé àtijọ́; ọ̀sẹ̀ mẹ́rin fún kíkọ àti àtúnṣe. Kí ó má ṣe fi ti àwọn àgbà falẹ̀, nítorí ìwé lè dúró dè é.

Ilé pàápàá kì í dúró deni. Ilé Ìlọ́jọ̀ ní Èkó, tí ìjọba ti kà sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láti 1956, ni a wó lulẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 2016. Omíyalé ya Lọ́kọ́jà ní 2012, ó tún yà á ní 2022. Ohun tí omi bá gbé lọ, àwòrán tí a ti yà ṣáájú nìkan ni ó lè dá a padà fún ọmọ tí a kò tíì bí.

Ẹ̀yin òbí, ẹ fún ọmọ ní owó ọkọ̀ àti tépù. Ẹ mú un lọ bá àgbà tí ẹ mọ̀. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni í gbẹ.