Ẹ Má Hú Asofẹ́yẹjẹ Tán

 Ọ̀rọ̀ wa tòní dá lórí igi kan tí púpọ̀ nínú yín máa ń bẹ́ dànù nígbà tí ẹ bá ń ṣánko. Asofẹ́yẹjẹ ni. Ẹ mọ̀ ọ́n: ewé rẹ̀ mẹ́ta sí márùn-ún ni ó máa ń yọ yí ojú kan ká, oje rẹ̀ funfun, èso rẹ̀ wẹ́wẹ́ a sì máa pọ́n bí ó bá gbó.

Gbòǹgbò rẹ̀ ni àwọn onísègùn wa fi ń tọ́jú alárùn ọpọlọ láti ayébáyé. Ní 1960, dókítà ará Kánádà kan, Raymond Prince, kọ nípa èyí sínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà. Èròjà tí ń jẹ́ reserpine wà nínú rẹ̀. Láti ara ìbátan rẹ̀ tó wà ní Íńdíà ni wọ́n ti kọ́kọ́ yọ ọ́ ní 1952, tí wọ́n sì fi ṣe oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Oògùn líle ni o, ẹ má ṣe dá a wọ̀n mu fúnra yín.

Wọ́n hú ti Íńdíà yẹn débi pé láti 1990 ni àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè ti ń ṣọ́ òwò rẹ̀ lọ sí òkèèrè. Tiwa ṣì wà káàkiri. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò ni ọjà ń fẹ́, ẹni tó bá sì hú gbòǹgbò ti pa igi.

Ẹnì kan lè ní, "Bí ó bá ku ẹyọ kan, ṣebí a ó gbin ọmọ rẹ̀?" Ibẹ̀ ni ìṣòro wà. Asofẹ́yẹjẹ méjì lè dúró sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí oògùn inú ọ̀kan le ju ti èkejì lọ. Ilẹ̀ àti ọjọ́ orí igi lọ́wọ́ sí i, àmọ́ òmíràn wà nínú ẹ̀jẹ̀, bí ó ti rí láàárín àwa èèyàn. Ọ̀kan lè fara da ọ̀dá, kí òmíràn fara da kòkòrò. Bí ó bá wá ku díẹ̀, ọmọ ìyá á máa gba àtíkè ọmọ ìyá, irú wọn á sì máa rẹ̀yìn. Ẹ̀yin náà mọ ìdí tí a kì í fi í fẹ́ ìbátan ẹni.

Ẹ wo ẹ̀gẹ́ TMS 30572 ti IITA, Ìbàdàn. Agbára tó fi ń kojú àrùn mòsáìkì tí ń ká ewé jọ wá láti ara igi igbó kan, ìbátan ẹ̀gẹ́ láti Brazil. Ká ní wọ́n ti pa igi yẹn run nítorí pé kò ṣeé jẹ ńkọ́?

Orúkọ asofẹ́yẹjẹ fúnra rẹ̀ sọ bí ó ti ń rìn. Ẹyẹ ló ń jẹ èso rẹ̀, tó ń gbé hóró láti igbó kan sí èkejì, tí ẹ̀jẹ̀ ibí fi ń pàdé ti ọ̀hún. Níbi tí igbó ti já, tí ẹyẹ ò sì sí mọ́, ẹ̀yin ni kí ẹ ṣe iṣẹ́ ẹyẹ.

Bí ẹgbẹ́ yín bá fẹ́ dá oko rẹ̀, ẹ má gé ẹ̀ka láti ara igi kan ṣoṣo, nítorí ẹ̀jẹ̀ kan náà ni gbogbo rẹ̀ yóò jẹ́. Ẹ ká èso pípọ́n láti ara igi púpọ̀, 30 bí ó bá ṣeé ṣe, kí ọ̀kan jìnnà sí èkejì tó 50 sí 100 mítà. Ẹ má ká èso igi kankan tán. Ẹ ṣẹ́ ti ẹyẹ kù. Ẹ fọ ara èso kúrò, kí ẹ tètè gbin hóró sí nọ́sìrì. Kì í hù pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ẹ má tètè da ilẹ̀ rẹ̀ nù.

Ẹni tó bá nílò gbòǹgbò, kí ó wú díẹ̀ lára àwọn ti ẹ̀gbẹ́ kan, kí ó fi ìyá gbòǹgbò sílẹ̀, kí ó sì fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó padà. Ẹ kọ ibi tí hóró kọ̀ọ̀kan ti wá sínú ìwé ẹgbẹ́. NACGRAB ní Moor Plantation, Ìbàdàn, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1987, iṣẹ́ títọ́jú irú ohun ọ̀gbìn ni tiwọn; irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò kọ́kọ́ bi yín bí ẹ bá gbé hóró lọ.