Tí A Bá Dènà Omíyalé, Ṣé Ó Yẹ Kí Owó-orí Wa Dínkù?

Gbogbo ìgbà tí òjò ńlá bá rọ̀ ní Alápòótí níbí ni omi máa ń wọ pálọ̀ wa. Nígbà tó sú wa, a fi sìmẹ́ǹtì bo gbogbo àgbàlá, a sì gbé ẹnu géètì sókè. Òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀ lẹ́yìn náà, ilé wa gbẹ táútáú. Inú wa dùn gan-an. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ìyá ẹlẹ́kọ tó wà nísàlẹ̀ wa kan ilẹ̀kùn, ó ní: "Ẹ wá wo omi yín nínú ṣọ́ọ̀bù mi o."

Omi wa kẹ̀? Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Tí òjò mìlímítà 1 bá rọ̀ sórí àyè tí gígùn àti ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 1, lítà omi 1 ni. Bí òrùlé àti àgbàlá yín bá tó irú àyè bẹ́ẹ̀ 200, tí òjò mìlímítà 50 sì rọ̀, lítà 10,000 nìyẹn, ìyẹn dúrọ́ọ̀mù onílítà 200 lọ́nà 50! Iyẹ̀pẹ̀ máa ń mu díẹ̀ nínú rẹ̀. Sìmẹ́ǹtì kì í mu nǹkan kan. Ìsàlẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń lọ.

Ìdí nìyí tí ìjọba àwọn ibì kan fi ń dá sí ọ̀rọ̀ omi ilé onílé. Ní Toronto, ní Kánádà, ọ̀pọ̀ ilé ló ní yàrá lábẹ́ ilẹ̀. Tí òjò bá pọ̀ jù, páìpù ìgboro á kún, omi ìdọ̀tí á sì gba ojú páìpù padà wọlé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìlú náà ń san lára owó pọ́ọ̀ǹpù àti fáàfù tí kì í jẹ́ kí omi padà, tó dọ́là Kánádà 3,400 fún ilé kan. Ṣùgbọ́n ó ní àdéhùn: onílé gbọ́dọ̀ ti yọ páìpù omi òrùlé rẹ̀ kúrò lára ti ìgboro, àyàfi tí wọ́n bá yọ̀ǹda fún un.

Ní ọ̀pọ̀ ìlú Jámánì, bí òrùlé àti sìmẹ́ǹtì tó ń da omi sí páìpù ìgboro bá ṣe fẹ̀ tó lowó tí onílé ń san ṣe ń pọ̀ tó. Tí ẹ bá jẹ́ kí ilẹ̀ yín mu omi náà, owó yẹn á dínkù.

Àwa ńkọ́? Òfin owó-orí Nàìjíríà ti 2025, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 1, 2026, gbà kí ẹni tó yáwó kọ́ ilé tí òun fúnra rẹ̀ ń gbé yọ èlé owó náà kúrò kí wọ́n tó ṣírò owó-orí rẹ̀. Ayálégbé náà lè yọ ìdá 20 nínú 100 owó ilé rẹ̀, kó má ti ju ₦500,000 lọ. Kò sí ti ìdènà omíyalé níbẹ̀.

Ẹ má sì rò pé ẹ̀dínwó owó-orí jẹ́ owó ọ̀fẹ́ o. Tí èlé yín bá jẹ́ ₦200,000, tí ẹ sì wà ní ìpele ìdá 15 nínú 100, ₦30,000 péré lẹ máa jèrè. Ẹni tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò bá ju ₦800,000 lọ kì í san owó-orí rárá, nítorí náà ẹ̀dínwó ò lè ṣe é láǹfààní kankan. Tí ìyá ẹlẹ́kọ bá wà lára wọn, owó ìrànwọ́ bíi ti Toronto ló lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò níí gbà fún un. Òótọ́ ni, àmọ́ a ò gbọ́dọ̀ darí rẹ̀ sílé ẹlòmíì. A ti fọ́ lára sìmẹ́ǹtì wa, a gbẹ́ kòtò síbẹ̀, a da òkúta wẹ́wẹ́ sí i, a sì gbé táǹkì sábẹ́ òrùlé. Tí ẹ bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, ẹ má gbẹ́ kòtò náà sún mọ́ ìpìlẹ̀ ilé tàbí kànga. Òjò tó rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, omi dé ẹnu ọ̀nà ìyá ẹlẹ́kọ, ṣùgbọ́n kò wọlé.

Tí ìjọba bá máa dín owó kù fún wa lọ́jọ́ kan, kí wọ́n má wo bí pálọ̀ wa ṣe gbẹ tó. Kí wọ́n wo omi tó ń gba géètì wa jáde.