Ṣọ́ọ̀ṣì tí orúkọ Crowther ti wá kò ní òrùlé mọ́

Ọdún 1940 ni Skokie tí a ń gbé yìí bọ́ orúkọ rẹ̀ àtijọ́, Niles Center, sílẹ̀, tó sì gba èyí tí a fi ń pè é lónìí. Lọ́dún kan náà, ní alẹ́ ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá, bọ́ǹbù àwọn ará Jámánì dáná sun ṣọ́ọ̀ṣì kan ní òpópónà Newgate, láàárín gbùngbùn London. Christ Church ni wọ́n ń pè é. Ọ̀rọ̀ méjèèjì kò tan mọ́ra rárá. Ọdún tó pa pọ̀ yìí ló kàn mú wa rántí ṣọ́ọ̀ṣì náà, torí pé níbẹ̀ ni orúkọ kan tí kò ṣàjèjì nínú ilé wa ti wá: Crowther.

Púpọ̀ nínú wa ló ti gbọ́ ìtàn Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther lẹ́nu àwọn òbí wa. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun ní oṣù Kẹrin 1822, wọ́n sì gbé e lọ sí Sierra Leone. Ibi tí wọn kì í dúró sí nínú ìtàn náà ni ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá 1825, nígbà tí àlùfáà John Raban ṣe ìrìbọmi fún un. Ọjọ́ yẹn ni Àjàyí di Samuel Crowther. Orúkọ ẹlòmíràn ni, látòkèdélẹ̀. Ẹni tó ni ín ni àlùfáà ìjọ Christ Church ní Newgate, òyìnbó kan tó wà lára àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS.

Irú ilé wo wá ni òyìnbó yìí ti ń wàásù?

Àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ Francis Mímọ́, àwọn tó máa ń wọ aṣọ aláwọ̀ eérú, ló kọ́kọ́ ni ilẹ̀ náà. Ní 1306 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan síbẹ̀. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 300 ẹsẹ̀ bàtà, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó pápá bọ́ọ̀lù kan. Nígbà tí Ọba Henry Kẹjọ tú àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ká, ilé náà di ṣọ́ọ̀ṣì àwọn ará àdúgbò. Iná ńlá tó jó London ní 1666 sì jó o kanlẹ̀.

Christopher Wren, ẹni tó kọ́ St Paul's tuntun, ló tún un kọ́. Kò gbìyànjú láti dá gígùn àtijọ́ padà. Apá ìlà-oòrùn nìkan ló kọ́lé sí, lórí ìpìlẹ̀ àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́. Ó fi apá ìwọ̀-oòrùn sílẹ̀ bí àgbàlá. Ilé náà parí ní 1687, ṣùgbọ́n ó di 1704 kí ṣóńṣó gogoro rẹ̀ tó parí. Òkúta funfun ni, ó ga ní ìpele-ìpele, ìpele kọ̀ọ̀kan sì kéré ju ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ. Lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì inú ṣọ́ọ̀ṣì ni àwọn ọmọ Christ's Hospital máa ń jókòó sí, ilé ẹ̀kọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ fún ọmọ aláìní àti ọmọ òrukàn.

Àjàyí fúnra rẹ̀ dé London ní 1826, ó sì lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìjọ St Mary ní Islington. Bọ́ǹbù kò dá St Mary náà sí ní 1940: gogoro rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́ kù. Àmọ́ wọ́n tún un kọ́, ó sì parí ní 1956. Christ Church kò rí irú oore bẹ́ẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ Christ's Hospital ti kó lọ láti 1902, ọ́fíìsì sì ti gba ibi tí àwọn èèyàn ń gbé tẹ́lẹ̀ ní àdúgbò náà. Ta ni wọn ì bá tún un kọ́ fún? Ní 1954 wọ́n da ìjọ náà pọ̀ mọ́ ti St Sepulchre tí kò jìnnà síbẹ̀.

Ohun tó ká wa lára jù nínú ìtàn yìí ni ti orúkọ. Àmútọ̀runwá ni Àjàyí: ọmọ tó dojú bolẹ̀ wáyé ni, ẹnikẹ́ni kò jókòó yàn án fún un. Síbẹ̀, lórí ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tó tẹ̀ jáde ní 1843, Samuel Crowther nìkan ni wọ́n kọ sí i. Lónìí, àwa là ń dá Àjàyí padà sáàárín orúkọ rẹ̀ nígbàkígbà tí a bá ń kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ní Skokie níbí ló ní orúkọ kan fún kíláàsì, òmíràn fún ilé, a sì máa ń ṣe bí ẹni pé ọ̀kan ló jẹ́ òótọ́. Ní tiwa o, a kò rò pé Crowther jẹ́ irọ́. Ó jẹ́ orúkọ náà títí ó fi di bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury ní 1864. Kò kàn yẹ kí èkejì sọnù ni.

Ní 1989 wọ́n sọ inú Christ Church di ọgbà òdòdó róòsì. Ibi tí bẹ́ǹṣì wà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n gbin òdòdó sí, wọ́n sì ri òpó onígi síbi tí àwọn òpó Wren ti dúró, kí igi máa gùn ún. Wọ́n ti sọ inú gogoro di ilé gbígbé. Nínú gbogbo ohun èlò ṣọ́ọ̀ṣì náà, ẹyọ kan péré ni wọ́n rí yọ lálẹ́ ọjọ́ iná. Apínlẹ́tà kan ni wọ́n ní ó sáré wọlé lọ gbé e. Ìdérí onígi tí wọ́n máa ń fi bo àwo ìrìbọmi ni. St Sepulchre ló wà báyìí.

Ẹni tó bá ń lọ kí ẹbí ní London nígbà ọlidé, kó sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdó ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ St Paul's. Ẹsẹ̀ lásán ló kù. Wọn kì í gba owó ìwọlé nínú ọgbà náà, bẹ́ǹṣì sì wà níbẹ̀ láti jókòó.