Owó ilé dínkù, owó ọkọ̀ gbé e lọ: Bí ìrìnàjò ibi iṣẹ́ ṣe ń nira sí i fáwọn tó ń ti Mowe àti Ibafo wọ Èkó

Kó tó di aago márùn-ún ìdájí lọ́jọ́ Ajé, èrò ti máa ń kún etí títì ní Mowe, Ibafo, Magboro àti Arepo. Àwọn kan wọ aṣọ ibi iṣẹ́, sálúbàtà ló wà lẹ́sẹ̀ wọn, bàtà gidi wà nínú báàgì. Ìpínlẹ̀ Ògùn ni wọ́n ń sùn, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, ṣùgbọ́n Èkó ni wọ́n ti ń wá oúnjẹ òòjọ́: Ìkẹjà, Yábàá, Erékùṣù Èkó, Victoria Island. Ìrìnàjò tí kò yẹ kó ju nǹkan bíi wákàtí kan lọ bí ọ̀nà bá dá, ó lè gba wákàtí méjì tàbí mẹ́ta láàárọ̀, kó tún gbà bẹ́ẹ̀ nírọ̀lẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹni tó bá ń lo wákàtí méjì ní àlọ àti méjì ní àbọ̀, fún ọjọ́ 22 tó fi ń ṣiṣẹ́ lóṣù, ti lo wákàtí 88 nínú ọkọ̀. Tí a bá fi wákàtí mẹ́jọ tí ọ́fíìsì ń kà sí iṣẹ́ ọjọ́ kan pín in, iṣẹ́ ọjọ́ 11 nìyẹn. Kò sì sẹ́ni tó ń sanwó rẹ̀ fún un.

Ọ̀nà dán, ọkọ̀ ò rìn

Nígbà tí wọ́n ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn lọ́dún 1978, àwọn tó ń ti ìlú kan lọ sí òmíràn ni wọ́n ṣe é fún. Lónìí, òun náà ló ti di òpópónà àdúgbò fún gbogbo ìlú tó hù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ibẹ̀ ni dánfó ti ń já èrò, ibẹ̀ ni tirela ń gbà kọjá, ibẹ̀ náà lẹni tó fẹ́ ra búrẹ́dì ń sọdá.

Iṣẹ́ àtúnṣe tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 2013 gba ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀nà ti dán báyìí ní ibi púpọ̀, kò sírọ́ ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n dídán nìkan kọ́. Ẹnu kan náà ni gbogbo ọkọ̀ gbọ́dọ̀ gbà wọlé: afárá gígùn ní Kara, lẹ́yìn náà Berger. Tí tirela kan ṣoṣo bá dákú síbẹ̀ láago mẹ́fà àárọ̀, ó ti bàjẹ́ fún gbogbo ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn nìyẹn. Ẹni tó ń lọ sí Erékùṣù tún ní òmíràn níwájú, torí afárá mẹ́ta péré ló so Erékùṣù Èkó pọ̀ mọ́ orí ilẹ̀: Carter, Eko, àti Third Mainland tí wọ́n ṣí lọ́dún 1990.

Lẹ́yìn ọ̀nà ni owó epo. Kí Ààrẹ Bọ́lá Tinubu tó kéde lọ́jọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, jálá bẹntiróòlù kan kò tó 200 náírà ní Èkó. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó ti kọjá 480. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ó ti súnmọ́ 1,000. Owó oṣù tó kéré jù lọ náà kúrò ní 30,000 lọ sí 70,000 lọ́dún 2024. Epo fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po márùn-ún, owó oṣù di ìlọ́po méjì àti díẹ̀. Ti òjò tiẹ̀ tún yàtọ̀: tí ojú ọ̀run bá ṣú báyìí, kọ̀ńdọ́ á ti pariwo iye tuntun kí ẹ̀kán àkọ́kọ́ tó balẹ̀.

Ilé pọ́ọ́kú tó ń gbówó lọ́wọ́ ẹni

Kí ló gbé èèyàn dé Ibafo? Owó ilé ni. Ibí yìí gan-an ló sì yẹ ká dúró sí díẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ló máa ń fi owó ilé wé owó ilé, tí wọ́n á gbàgbé owó ọkọ̀.

Ká fi ṣe àpẹẹrẹ pé òṣìṣẹ́ kan kúrò nínú ilé 700,000 náírà lọ́dún ní Agége, ó kó lọ sí ti 300,000 ní Ibafo. Ó dà bíi pé ó jèrè 400,000. Ní Agége, 1,500 ló ń ná lójúmọ́ lórí ọkọ̀. Ní Ibafo, ó di 4,000. Fún ọjọ́ 22 lóṣù, 33,000 ti di 88,000, èyí tó ju owó oṣù tó kéré jù lọ. Lọ́dún kan, àfikún owó ọkọ̀ nìkan jẹ́ 660,000. Yọ 400,000 tó jèrè kúrò: ó ti pàdánù 260,000, láì tíì ka oorun mọ́ ọn. Iye tiyín lè yàtọ̀, ṣùgbọ́n ìṣirò náà kò yí padà. Ẹ ṣe é kẹ́ ẹ tó san owó ilé, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Kí ló wá dé táwọn tó mọ ìṣirò yìí ò fi kó padà? Owó ọkọ̀ ń jáde ní díẹ̀díẹ̀, onílé Èkó ní tiẹ̀ ń béèrè owó ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà, owó àgírímẹ́ǹtì àti ti ẹ̀jẹ́ǹtì tún wà lẹ́yìn rẹ̀. Òfin ilé gbígbé ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 kò gbà kí onílé gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, àmọ́ owó ọdún kan náà ti tó wúwo. Ẹni tó lè rí 4,000 lójúmọ́ lè má rí 900,000 láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo. Nítorí náà, kì í ṣe àìgbọ́n ló mú wọn dúró síbẹ̀.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́

Àkókò ìjáde ló ń ṣiṣẹ́ jù. Ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó kúrò ní Mowe láago mẹ́rin ààbọ̀ àti ẹni tó kúrò láago mẹ́fà lè ju wákàtí kan lọ lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n nínú oorun ló ti ń sanwó náà. Ẹni tó jí láago mẹ́ta ààbọ̀, tó wọlé láago mẹ́sàn-án alẹ́, tó sì sùn láago mẹ́wàá ààbọ̀, oorun wákàtí márùn-ún ló sùn, bẹ́ẹ̀ àwọn oníṣègùn ń sọ pé ó kéré tán, méje làgbàlagbà nílò. Tó bá jẹ́ òun fúnra rẹ̀ ló ń wakọ̀, ewu ńlá ni. Lọ́jọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù, tí èrò ìsọjí ń ya lọ sí Redemption City, ẹni tí kò bá tètè kúrò níbi iṣẹ́ kúkú lè dúró sí Èkó kí ọ̀nà kọ́kọ́ fúyẹ́.

Rélùwéè dáa fẹ́ni tí ọ̀nà rẹ̀ bá bá a mu. Red Line, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò lóṣù Kẹwàá ọdún 2024, ń ti Agbádó gba Ìjù, Agége, Ìkẹjà, Òṣòdì, Múṣin àti Yábàá dé Oyíngbó. Ara Sàngó Ọ̀tà àti Ìjókò lèyí bá mu. Kò dé ọ̀nà Mowe rárá, àmọ́ ẹni tó bá sọ̀ ní Berger lè lọ wọ̀ ọ́ ní Ìkẹjà, kó bọ́ lọ́wọ́ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ títí dé Yábàá. Káàdì Cowry ni wọ́n ń lò, kẹ́ ẹ ti ní in lọ́wọ́.

Sóólè, ìyẹn ọkọ̀ aládàáni tó ń gbé èrò lójú títì, máa ń yá ju dánfó lọ. Ibẹ̀ náà làwọn ọlọ́ṣà “one chance” ti ń ṣọdẹ. Kò sí bó ṣe lè yá tó, ọkọ̀ tẹ́ ò mọ̀ láago márùn-ún ìdájí kò tọ́ sí wíwọ̀.

Àwọn míì ti ń sùn sí Èkó láti ọjọ́ Ajé di Ọjọ́bọ̀. Ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin á jọ gba yàrá kan sí Yábàá tàbí Ọbalẹ́ńdé. Ó ń dín owó kù, ara sì ń sinmi. Tí wọ́n bá fẹ́ ṣe é, kí orúkọ gbogbo wọn wà nínú àgírímẹ́ǹtì, kí ará ilé sì mọ àdírẹ́sì náà. Àwọn ọmọ ló kù: bàbá ti di àlejò ọjọ́ Sátidé, ìyá nìkan ló ń gbọ́ ti iṣẹ́ àṣetiléwá, ti ibà àti ti ìpàdé òbí. Tó bá jẹ́ ìyá ló ń lọ, aládùúgbò ló ń lọ mú ọmọ nílé ìwé. Ẹ jọ sọ ọ́ nílé kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi oṣù tí yóò parí sí i.

Ọ̀gá ibi iṣẹ́ náà ṣeé bá sọ̀rọ̀. Ẹ má wulẹ̀ sọ pé ọ̀nà ò dáa, gbogbo èèyàn ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ aago tẹ́ ẹ kúrò nílé àti aago tẹ́ ẹ dé sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kẹ́ ẹ wá béèrè ohun pàtó: ọjọ́ méjì nílé lọ́sẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ máa wọlé láago mẹ́wàá. Nọ́ọ̀sì àti ọlọ́dẹ ò lè ṣiṣẹ́ látilé, àmọ́ ẹni tó bá ń ṣe wákàtí 24 tó sì ń sinmi 24, owó ọkọ̀ rẹ̀ á dín kù.

Fẹ́ni tó fẹ́ kó padà súnmọ́ ibi iṣẹ́, owó ńlá ẹ̀ẹ̀kan náà ni ìdènà, àjọ àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ ló sì lè bá a gbé e. Ẹni mẹ́wàá tó mọra, tó ń dá 1,000 lọ́jọ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, á máa kó 220,000 fẹ́nì kan lóṣù. Kí wọ́n fi ọjọ́ tí owó ilé oníkálukú máa pé to bí wọ́n á ṣe máa kó o.