Bí Èjìká Bá Le Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ, Ẹ Má Tètè Sọ̀rètí Nù

Iṣan mẹ́rin ló di orí egungun apá mú sínú kòtò èjìká. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ni àwọn dókítà ń pè ní rotator cuff. Bí ọ̀kan nínú wọn bá já, yálà nítorí ọjọ́ orí tàbí nítorí pé èèyàn ṣubú, wọ́n lè fi iṣẹ́ abẹ so ó padà mọ́ egungun. Lẹ́yìn náà, aláìsàn á fi aṣọ gbé apá kọ́ ọrùn, nígbà mìíràn fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Ìgbà tó bá tú u ni yóò rí i pé èjìká ti gan. Obìnrin ò ní lè wé gèlè, ọkùnrin ò ní lè ti ọwọ́ bọ àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò rẹ̀. Ìbẹ̀rù á wá mú wọn pé owó ti ṣòfò.

Owó kò ṣòfò. Awọ kan wà tó yí oríkèé èjìká ká. Bí ọgbẹ́ inú ṣe ń san, awọ yìí máa ń nípọn, á sì sún kì, pàápàá nígbà tí apá ti pẹ́ lójú kan. Èyí ló ń mú kí èjìká le, ó sì sábà máa ń bá àwọn tó ní àtọ̀gbẹ jà ju àwọn mìíràn lọ.

Ohun tó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀ ni bóyá èjìká le ni, àbí iṣan tún ti já. Bí ẹlòmíràn bá rọra gbé apá náà sókè tí kò lọ, èjìká ló le. Ṣùgbọ́n bó bá lọ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, tí aláìsàn fúnra rẹ̀ kò sì lè gbé e, a jẹ́ pé ó ṣeé ṣe kí iṣan ti tún já. Dókítà ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì lè ya àwòrán inú èjìká kó tó dájú. Ìròyìn ayọ̀ kan tún wà níbẹ̀: ìwádìí tí George Murrell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Sydney, ní Ọsirélíà, fi hàn pé iṣan àwọn tí èjìká wọn le ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kì í sábà tún já tó ti àwọn tí tiwọn kò le.

Ìtọ́jú àkọ́kọ́ ni fisiotẹ́rápì: jíju apá díẹ̀díẹ̀, fífi ọwọ́ tó yá gbé èyí tó ń dùn, nínà án lẹ́yìn tí a bá ti fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Ojoojúmọ́ ni, kì í ṣe ọjọ́ tó bá wuni. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn èjìká báyìí máa ń rọ̀ láàárín oṣù 6 sí ọdún 1. Bí ìrora kò bá jẹ́ kí aláìsàn lè ṣe é, dókítà lè fún un ní abẹ́rẹ́ steroid, ṣùgbọ́n kì í ṣe ní oṣù àkọ́kọ́, torí ó lè ṣèdíwọ́ fún iṣan tó ń san.

Díẹ̀ ni iṣẹ́ abẹ kejì máa ń kàn. Nínú ìwádìí tí Huberty, Burkhart àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ̀ jáde ní 2009, èèyàn 24 péré nínú 489 ni èjìká wọn le débi tí inú wọn kò dùn. 23 nínú wọn gbà kí dókítà fi kámẹ́rà tínrín wọlé láti gé awọ tó sún kì náà. Oṣù 8 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́ ni, tí a bá pín in dọ́gba.

Bí ibà bá dé, tí ojú ọgbẹ́ ń ṣomi tàbí tó pọ́n, ẹ tètè padà sọ́dọ̀ dókítà, kòkòrò lè ti wọlé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi agbára fa apá náà nílé, ìbáà ṣe ọ̀rẹ́ tàbí afọwọ́wọ́ra: ohun tí dókítà so lè tún já.